Oorun Dírẹ́bà Ni Ẹ̀mí Èrò: Bí Àwọn Oníṣòwò Ṣe Ń Háyà Mọ́tò Láti Ìlú Dé Ìlú Ní Ilẹ̀ Yúróòpù

Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́; bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké erin. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníṣòwò wa ni ó ti rìn jìnnà. Àwọn kan ń lọ ra léèsì ní ilẹ̀ Austríà, àwọn kan ń lọ wo ẹ̀rọ ní Jámánì, àwọn mìíràn ń lọ fi ọjà wé ọjà ní Ítálì. Ẹni tí ó bá sì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn Òyìnbó wọ̀nyí kò ní ṣàì ti rí i: mọ́tò dúdú kan tí ó mọ́ tónítóní dúró lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì, awakọ̀ rẹ̀ wọ kóòtù, ó dúró tì í, ó ń retí ẹni tí yóò gbé láti ìlú kan lọ sí ìlú mìíràn, bóyá láti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kì í ṣe takisí tí ń gbé ènìyàn láti ọjà dé ilé ni a ń wí o. Ìrìnàjò tí a ń sọ yìí lè tó 300 kìlómítà, ó sì lè tó 600. Ẹni tí ó háyà mọ́tò náà kì í fọwọ́ kan ọkọ̀ rárá. Ẹ̀yìn ni ó ń jókòó sí, tí ó ń ka ìwé rẹ̀, tí ó ń fi fóònù bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀, tàbí tí ó ń sùn. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ètò yìí pọ̀ káàkiri Yúróòpù. Ọ̀kan nínú wọn ni Blacklane, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Berlin ní 2011, èyí tí ó jẹ́ pé orí fóònù ni oníbàárà ti ń pe dírẹ́bà.

Iṣẹ́ tí ó wúlò ni, a kò sì ní bù ú. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ oorun tí a dárúkọ yẹn ni ohun tí a fẹ́ bá yín sọ wà. Ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn lè sùn, ó sanwó fún un. Ẹni tí ó wà níwájú ńkọ́? Nígbà wo ni òun sùn kẹ́yìn?

OBÌNRIN NI Ó KỌ́KỌ́ RIN Ọ̀NÀ JÍJÌN

"Chauffeur" ni àwọn Faransé ń pe irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ wọn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí ń mú nǹkan gbóná. Kí epo bẹntiróòlù tó gbòde, omi híhó ni ó ń ti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ẹni tí ó bá sì ń tọ́jú rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ dáná kí ọkọ̀ tó lè sún. Iná ti kú lónìí, orúkọ kò kú.

Ìrìnàjò mọ́tò àkọ́kọ́ tí ó jìnnà láti ìlú kan dé òmíràn, obìnrin ni ó ṣe é. Ní oṣù August 1888, Bertha Benz kó àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì, Eugen àti Richard, sínú mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ọkọ rẹ̀, Karl Benz, ṣe. Kò sọ fún ọkọ. Ó fi Mannheim sílẹ̀, ó kọrí sí Pforzheim níbi tí ìyá rẹ̀ wà, ọ̀nà tí ó lé díẹ̀ ní 100 kìlómítà. Ilé epo kò tí ì sí ní gbogbo ayé nígbà náà. Nígbà tí epo tán, ilé olóògùn ní ìlú Wiesloch ni wọ́n ti ra irú èyí tí wọ́n fi ń yọ àbàwọ́n lára aṣọ, wọ́n sì dà á sínú ọkọ̀. Nígbà tí ìdọ̀tí dí ojú ọ̀nà epo, abẹ́rẹ́ fìlà ni Bertha fi là á. Nígbà tí búréèkì jẹ tán, onísọ̀bàtà ni ó bá a kan awọ mọ́ ọn. Wọ́n jáde ní òwúrọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n gúnlẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni wọ́n sùn sí, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni wọ́n tó padà.

Ọ̀nà tí ó gbà wọ́n ní odindi ọjọ́ kan yẹn, mọ́tò òde òní lè sá a tán láàárín wákàtí kan àbọ̀. Ẹ̀rọ ti yí padà pátápátá. Ara ènìyàn tí ń wa ẹ̀rọ náà ni kò yí padà. Bí ó ṣe ń rẹ dírẹ́bà ní 1888 náà ni ó ń rẹ̀ ẹ́ títí di òní.

ÌDÍ TÍ OLÓWÓ FI Ń FI BÀÁLÙ SÍLẸ̀

Ẹnìkan lè béèrè pé, bàálù wà, rélùwéè wà, kí ni a ń fi mọ́tò ṣe? Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò bí ọlọ́jà.

Láti Frankfurt ní Jámánì dé Zurich ní Swítsàlandì, bàálù kì í lò tó wákàtí kan lójú ọ̀run. Ṣùgbọ́n ẹ ro wákàtí tí ẹ ó fi dé pápákọ̀, ẹ ro èyí tí ẹ ó fi tò fún àyẹ̀wò, ẹ ro ìdúró de ẹrù, kí ẹ sì tún ro ọ̀nà àtipápákọ̀ wọ ìlú. Ọ̀nà ilẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì tó bíi 400 kìlómítà, wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ni. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, ìyàtọ̀ wọn kò pọ̀ mọ́, ẹni tí ó wà nínú mọ́tò sì ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ láìdìde.

Kì í ṣe ibi gbogbo ni mọ́tò ti ń borí o, a kò ní tàn yín. Láti Paris dé Brussels, ọkọ̀ ojú irin tí ń sáré gan-an ń lo wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 22, nígbà tí mọ́tò yóò lo ju wákàtí mẹ́ta lọ lórí ọ̀nà tí ó lé ní 300 kìlómítà. Ẹni tí ó bá torí àtiyára háyà mọ́tò láàárín àwọn ìlú méjì yìí, owó rẹ̀ ti wọ igbó.

Níbo wáá ni mọ́tò ti dára jù? Ibi tí ìlú tí a ń lọ bá ju ẹyọ kan lọ lóòjọ́. Ibi tí ilé iṣẹ́ tí a fẹ́ wò bá wà ní ìgbèríko tí rélùwéè kò dé dáadáa. Ibi tí a bá ru ẹrù sáńpù dání. Ibi tí ènìyàn mẹ́ta bá jọ ń lọ. Àti ibi tí ọ̀rọ̀ òwò bá wà tí a kò fẹ́ kí etí kẹta gbọ́.

Àpẹẹrẹ èyí tí ó kan àwọn ìyá ọlọ́jà wa ni ti léèsì. Ìlú Lustenau ní ìwọ̀-oòrùn Austríà ni orísun ọ̀pọ̀ léèsì tí a fi ń ṣe òde ní Èkó àti Ìbàdàn láti bíi ọdún 1960 síwájú, tí àwọn oníṣòwò wa sì ń lọ ṣàdéhùn pẹ̀lú àwọn tí ń hun ún. Òwò yìí lókìkí tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ṣe àfihàn rẹ̀ nílé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Vienna ní 2010, tí wọ́n sì gbé e wá sí Èkó ní 2011. Lustenau kò ní pápákọ̀ bàálù ńlá. Zurich ní ilẹ̀ kejì ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Láti ibẹ̀ dé St. Gallen, tí òun náà jẹ́ ìlú léèsì láti ayébáyé, tó bíi 75 kìlómítà. Láti St. Gallen, ẹ ó gba orí odò Rhine kọjá sí Austríà, bíi 35 kìlómítà, ẹ dé Lustenau. Bí ẹ bá tún ní ẹni tí ẹ fẹ́ rí ní Munich ní Jámánì, ó kù bíi 190. Ilẹ̀ mẹ́ta, ìlú mẹ́rin, 300 kìlómítà, tẹ̀yin ti sáńpù aṣọ. Ẹni tí ó bá ní dírẹ́bà lè ṣe é lóòjọ́. Ẹni tí ń wọ ọkọ̀ tí ń bọ́ sílẹ̀ kò lè ṣe é.

ỌJỌ́ TÍ EÉRÚ DÍ OJÚ Ọ̀RUN

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ iyì dírẹ́bà ọ̀nà jíjìn títí di ọdún 2010. Ní ọjọ́ 14 oṣù April ọdún náà, òkè ayọnáyèéfín kan tí ń jẹ́ Eyjafjallajökull bú ní Áísìlandì. Eérú rẹ̀ fẹ́ wá sórí Yúróòpù, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé yóò ba ẹ́ńjìnnì bàálù jẹ́ lófúrufú. Wọ́n ti pápákọ̀ pa ní ilẹ̀ púpọ̀ fún bíi ọjọ́ mẹ́fà. Ìrìnàjò bàálù tí ó bàjẹ́ tó bíi 100,000, ènìyàn tí kò lè lọ kò lè bọ̀ tó bíi mílíọ̀nù 10.

Ọ̀kan nínú wọn ni John Cleese, òṣèré apanilẹ́rìn-ín ará Ìlú Ọba, tí ó há sí Oslo ní Nọ́wè. Ọkọ̀ ojú omi ti kún, kò rí tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè. Ni ó bá wọ takisí láti Oslo lọ sí Brussels, bíi 1,500 kìlómítà, kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú irin láti ibẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Owó tí wọ́n ròyìn pé ó san tó 30,000 owó Nọ́wè, ìyẹn ni 20 fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n ní owó dé ọwọ́ ọlọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí àwa wò ó láti ìhà ibòmíràn. Bí mọ́tò bá ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, láìdúró mu omi, láìdúró ra epo, 1,500 kìlómítà yóò gba wákàtí 15. Ta ni ó lè fi ojú sọ́nà fún wákàtí 15 kí ojú náà má di? Ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti dírẹ́bà kan.

ONÍBODÈ PỌ̀ LỌ́NÀ

Ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà lè rò pé ilẹ̀ Yúróòpù ti di ọ̀kan, pé kò sí ibodè mọ́. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù June 1985, àwọn orílẹ̀-èdè márùn-ún fọwọ́ sí ìwé ní abúlé Schengen ní Luxembourg pé àwọn yóò ṣí ẹnubodè fún ara wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù March 1995, nígbà tí ó sì fi máa di 2025 wọ́n ti di 29. Ẹni tí ó bá gba físà Schengen lè gba inú wọn kọjá fún 90 ọjọ́ láàárín 180 ọjọ́.

Ṣùgbọ́n Ìlú Ọba kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ mọ́tò ní Paris, tí ó fẹ́ gba abẹ́ òkun dé Lọ́ńdọ̀nù, físà mìíràn ni yóò fi wọlé. Bí físà Schengen rẹ̀ bá sì jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kò ní lè padà sí Paris mọ́. Dírẹ́bà kò lè bá yín yanjú èyí. Ẹ má sì gbàgbé pé Jámánì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé wò ní gbogbo ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ ní oṣù September 2024. Ẹni tí ó bá fi pásípọ́ọ̀tù sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì yóò ṣàlàyé lójú títì.

Swítsàlandì tún yàtọ̀. Ó wà nínú Schengen láti 2008, ṣùgbọ́n kò sí nínú ẹgbẹ́ ìṣòwò Yúróòpù tí ń jẹ́ EU. Nítorí náà, èèyàn lè kọjá, kí ẹrù má lè kọjá. Ẹni tí ó bá ra aṣọ ní Austríà tí ó fẹ́ gbé e gba Zurich lọ sílé gbọ́dọ̀ fi hàn àwọn aṣọ́bodè, kí ó sì ní ìwé ọjà náà lọ́wọ́.

Owó oníbodè náà wà. Ní Faransé àti Ítálì, ẹ ó máa san án lójú ọ̀nà bí ẹ ti ń lọ. Ní Swítsàlandì, 40 franc ni ó kárí odindi ọdún. Austríà náà ní ti ara rẹ̀. Jámánì kì í gba owó ọ̀nà lọ́wọ́ mọ́tò kékeré, ó sì ní ọ̀nà márosẹ̀ tí kò ní òté eré, àfi ìmọ̀ràn pé kí ènìyàn má ju 130 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Bí ẹ bá ti ré ẹnubodè kọjá sí Swítsàlandì, 120 ni òfin, àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ kì í sì í ṣeré. Dírẹ́bà tí ó mọ iṣẹ́ mọ gbogbo èyí lórí.

Ó sì mọ̀ nípa àwọn ọ̀nà abẹ́ òkè. Ọ̀nà abẹ́ òkè Gotthard, tí wọ́n ṣí ní 1980, gùn ní 16.9 kìlómítà, iná jó níbẹ̀ ní oṣù October 2001, ó pa ènìyàn 11. Ti Mont Blanc, láàárín Faransé àti Ítálì, gùn ní 11.6 kìlómítà, iná jó níbẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù March 1999, ó pa ènìyàn 39, ọdún mẹ́ta sì ni wọ́n fi tì í pa. Láti ìgbà náà, òfin ibẹ̀ ni pé kí mọ́tò kan fi 150 mítà jìnnà sí èyí tí ó wà níwájú rẹ̀. Ẹni tí ń tòògbé kò lè ka 150 mítà.

OWÓ TÍ Ẹ Ń SAN, KÍ NI Ó WÀ NÍNÚ RẸ̀?

Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Owó mọ́tò háyà ń ga nítorí ohun mélòó kan tí oníbàárà kì í rí. Àkọ́kọ́ ni ìpadà òfìfo. Bí dírẹ́bà bá gbé yín láti Frankfurt dé Paris, ó ní láti padà sílé pẹ̀lú ìjókòó tí kò sí ẹnìkan lórí rẹ̀. Ní Jámánì, òfin ni pé kí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ padà sí ilé iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, àfi bí iṣẹ́ mìíràn bá ti bá a lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin ni ẹ ó san owó epo àlọ àti àbọ̀. Èkejì ni owó oníbodè. Ẹ̀kẹta ni owó ìdúró, nígbà tí ẹ bá wà nínú ìpàdé. Ẹ̀kẹrin ni owó òtẹ́ẹ̀lì dírẹ́bà bí ilẹ̀ bá ṣú.

Èrè kan wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí ó bá gbọ́n: iye kan náà ni mọ́tò ń gbà bí ènìyàn kan bá wọ̀ ọ́ tàbí mẹ́ta. Oníṣòwò mẹ́ta tí ń lọ sí ọjà kan náà lè dá owó rẹ̀ jọ, kí ó má sì wọ́n ju tíkẹ́ẹ̀tì bàálù lọ.

Ṣùgbọ́n níbi tí ọlọ́jà bá ti fẹ́ dín owó kù, owó ẹ̀kẹrin yẹn ni ó kọ́kọ́ ń fẹ́ gé. Yóò ní kí dírẹ́bà má sùn síbẹ̀, kí ó padà lóru. Yóò ní, "Ṣebí ó ti ń jókòó láti àárọ̀." Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

ÒFIN TI RÁNTÍ BỌ́Ọ̀SÌ, Ó GBÀGBÉ MỌ́TÒ KÉKERÉ

Ní ilẹ̀ EU, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2006 ló ń dáàbò bo oorun àwọn awakọ̀ ńlá. Ó ní awakọ̀ kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ ju wákàtí 9 lọ lóòjọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè di 10 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin àbọ̀ lórí ọ̀nà, ó gbọ́dọ̀ sinmi fún ìṣẹ́jú 45. Kò gbọdọ̀ ju wákàtí 56 lọ lọ́sẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà nínú ọkọ̀ tí ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ọlọ́pàá sì lè dá a dúró kí ó ka ohun tí ẹ̀rọ kọ.

Òfin tí ó dára ni. Ta ni ó wà fún? Ó wà fún àwọn lọ́rì akẹ́rù ńlá, ó sì wà fún ọkọ̀ èrò tí ń gbé ju ènìyàn 9 lọ, dírẹ́bà pẹ̀lú. Mọ́tò dúdú tí ó gbé oníṣòwò méjì kò sí níbẹ̀. Kò pọn dandan kí ó ní ẹ̀rọ tí ń ka wákàtí. Òfin òṣìṣẹ́ gbogbogbò wà, tí wọ́n ṣe ní 2003, tí ó ní kí òṣìṣẹ́ ní ìsinmi wákàtí 11 láàárín ọjọ́ kan, kí iṣẹ́ rẹ̀ má sì ju wákàtí 48 lọ lọ́sẹ̀ bí a bá pín in dọ́gba. Ṣùgbọ́n ti ẹni tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá ni èyí. Dírẹ́bà tí ó dá dúró lórí mọ́tò tirẹ̀, tí ń sáré san gbèsè rẹ̀, kò sí abẹ́ rẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tí ó ru kòkó àti irin lórí lọ́rì, ẹ̀rọ ń ṣọ́ oorun rẹ̀. Ẹni tí ó gbé ọ̀gá ilé iṣẹ́, kò sí ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ tirẹ̀. Àfi bí ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ bá béèrè.

Àwọn onímọ̀ ti wọn ohun tí àìsùn ń ṣe. Ní 1997, Drew Dawson àti Kathryn Reid ní Ọsirélíà gbé iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n mú kí àwọn kan wà lójúfò, wọ́n sì fún wọn ní ọtí ní ìgbà mìíràn, wọ́n fi ìṣe wọn wé ara. Wọ́n rí i pé ẹni tí kò sùn fún wákàtí 17 ń ṣe bí ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti tó 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwọ̀n yẹn náà ni òfin Faransé, Jámánì àti Ítálì fi lélẹ̀ pé ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ mọ́. Nígbà tí àìsùn bá pé wákàtí 24, ó ti tó ìlọ́po méjì.

Ẹ jẹ́ kí á wá fi èyí ka ọjọ́ dírẹ́bà. Ó jí ní aago 4 òwúrọ̀ kí ó lè pàdé yín ní pápákọ̀ ní aago 6. Ó wa ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́rin. Ẹ wọ ìpàdé, ó dúró dè yín láti aago 10 títí di aago 6 ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, nítorí pé ẹ lè pè é nígbàkúùgbà. Ìdúró kì í ṣe oorun. Ẹ jáde, ẹ ní kí á máa lọ sílé. Nígbà tí yóò fi di aago 9 alẹ́, ó ti pé wákàtí 17 tí ó ti wà lójúfò, ó sì tún ku wákàtí kan lórí ọ̀nà. Ọtí kò kàn án lẹ́nu, àmọ́ ojú rẹ̀ ti dà bí ti ọ̀mùtí. Ẹ̀yin sì ń sùn lẹ́yìn.

OHUN TÍ PARIS KỌ́ AYÉ

Gbogbo ayé ni ó gbọ́ nípa ikú Diana, ẹni tí ó ti jẹ́ ìyàwó àrẹ̀mọ Ìlú Ọba rí. Ní òru ọjọ́ 31 oṣù August 1997, mọ́tò tí ó gbé e kọlu òpó nínú ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ Alma ní Paris. Ìrìnàjò náà kò jìn, inú ìlú kan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ wa mu.

Henri Paul, ẹni tí ó wa mọ́tò náà, kì í ṣe dírẹ́bà nípa iṣẹ́. Igbákejì olórí ẹ̀ṣọ́ òtẹ́ẹ̀lì ni. Ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà kí wọ́n tó tún pè é padà ní alẹ́. Ìwádìí fi hàn pé ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kọjá òfin, eré rẹ̀ sì pọ̀jù. Àwọn afọ́tò ń lé wọn. Ènìyàn mẹ́rin ni ó wà nínú mọ́tò, kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó de bẹ́líìtì ìjókòó. Mẹ́ta kú, ẹnìkan ṣoṣo ni ó yè. Ní oṣù April 2008, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù sọ pé ìwàkuwà Henri Paul àti ti àwọn tí ń lé wọn ni ó fa ikú náà.

Mọ́tò olówó iyebíye ni, òtẹ́ẹ̀lì tí ó lókìkí ni wọ́n ti jáde. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù, ìyẹn orí tí ó balẹ̀ lẹ́yìn ọwọ́ ìtọ́kọ̀, òun ni kò sí.

KÍ NI KÍ Ẹ BÉÈRÈ?

Ẹni tí ó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Bí ẹ̀yin tàbí ọmọ yín bá fẹ́ háyà mọ́tò ọ̀nà jíjìn lọ́dọ̀ àwọn Òyìnbó, ẹ béèrè nǹkan wọ̀nyí kí ẹ tó sanwó:

1. Aago mélòó ni dírẹ́bà yóò jí, ṣé ó sì ti ṣe iṣẹ́ mìíràn lóru àná? Ìbéèrè yìí kì í ṣe àrífín. Dírẹ́bà rere yóò dúpẹ́ pé ẹ bi òun.

2. Wákàtí mélòó ni ọ̀nà náà yóò gbà? Ẹ fi òfin bọ́ọ̀sì ṣe ìwọ̀n: ìsinmi ìṣẹ́jú 45 lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin àbọ̀, kí gbogbo rẹ̀ má sì ju wákàtí 9 lọ. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, dírẹ́bà méjì, tàbí kí ẹ sùn lọ́nà.

3. Ta ni ó gba dírẹ́bà náà síṣẹ́? Ilé iṣẹ́ tí ó gba owó yín lè fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tí ń bọ̀, kí ẹ sì mọ̀ pé láísẹ́ńsì gbígbé èrò yàtọ̀ sí láísẹ́ńsì wíwa ọkọ̀ lásán.

4. Ṣé ìwé adójútòfò mọ́tò náà kárí èrò tí ó sanwó, ní gbogbo orílẹ̀-èdè tí ẹ ó gbà kọjá?

5. Kí ni ó wà nínú iye tí wọ́n pè? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ owó oníbodè, owó ìdúró, ìpadà òfìfo àti òtẹ́ẹ̀lì dírẹ́bà sílẹ̀, kí ìjà má bàa dé lẹ́yìn.

6. Ṣé físà yín kárí gbogbo ọ̀nà náà, ṣé ìwé ọjà sì wà lọ́wọ́?

Bí ẹ bá sì ti wọlé, ẹ de bẹ́líìtì, àní bí ẹ̀yìn ni ẹ jókòó sí. Bí ẹ bá rí i pé dírẹ́bà ń yán léraléra, tí ó ń ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i lójú, tí mọ́tò ń fẹ́ kúrò lójú ìlà, ẹ má tijú, ẹ ní kí ó yà síbi ìsinmi. Irú ibẹ̀ pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ wọn. Kọfí ń ran ènìyàn lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n oorun nìkan ni ó ń san gbèsè oorun.

Ẹ̀yin tíṣà tí ń ka èyí, ẹ lè ní ọ̀rọ̀ àwọn tí ń lọ sí Zurich kò kàn yín. Ẹ rò ó wò. Dírẹ́bà tí ń kó àwọn ọmọ ilé ìwé yín lọ síbi ìdíje, dírẹ́bà tí ó gbé ìyá ọlọ́jà lóru láti Kánò bọ̀ wá sí Ìbàdàn, ẹran ara ni àwọn náà. Ìbéèrè kan náà ni ó tọ́ sí wọn.

Bí ọjà bá bàjẹ́, a lè tún òmíràn rà. Bí a bá pẹ́ dé ìpàdé, a lè tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí kò láàárọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń ka owó mọ́tò, ẹ ka owó bẹ́ẹ̀dì dírẹ́bà mọ́ ọn. Òun ni ó pọn jù nínú gbogbo ohun tí ẹ ó rà.